Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ saikọ́lọ́jísìtì: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ rí, ẹ là mí lóye

Ọmọ Bódìjà

Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí a ti sin màmá mi, mi ò rí oorun sùn mọ́. Tó bá ti di aago mẹ́ta òru, màá jí, àyà mi á máa já, màá sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi. Níbi iṣẹ́, wọ́n á pè mí pè mí kí n tó dáhùn. Dókítà ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀, ló bá kọ ìwé fún mi pé kí n lọ rí saikọ́lọ́jísìtì, ìyẹn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwà ẹ̀dá, ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn níbí. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ni.

Ẹ̀rù ń bà mí. Kí ni wọ́n máa ń ṣe féèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n máa ní kí n dùbúlẹ̀ sí bíi tinú fíìmù? Ṣé wọ́n lè ní kí n má padà sílé mọ́? Ṣé dandan ni kí n sọ Òyìnbó? Bùrọ̀dá mi ní àwọn fẹ́ bá mi lọ, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n gbà. Ẹni tó bá ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi bó ṣe rí gan-an.

Tísà Fẹ̀yìntì

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á tẹ́ màmá sáfẹ́fẹ́ rere.

Kò sí bẹ́ẹ̀dì kankan níbẹ̀. Nígbà tí mo lọ, lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì tí nǹkan sì dojú rú fún mi, àga méjì ló wà nínú yàrá náà. Wọn ò gbé wọn kọjú síra gan-an, wọ́n yẹ̀ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò di dandan kí n máa wo ojú ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Tábìlì kékeré kan wà nítòsí mi, páálí tíṣù wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ la sọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tó fẹ́ẹ̀ lé mi padà sílé ni ọjọ́ orí ẹni tó jókòó dè mí, ọmọbìnrin tí kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ. Èmi tí mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun mi fi funfun, kí n wá máa ka ọ̀rọ̀ ilé mi sílẹ̀ fún ọmọ? Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pè mí ní Bàbá, ó wá ní: "Bàbá, ibi tó bá wù yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí tẹ́ ò bá sì fẹ́ sọ lónìí, ẹ fi sílẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí lára. Ìbéèrè ló pọ̀ jù lọ́jọ́ náà, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe ń dáhùn. Kò dá mi lẹ́jọ́, kò sì ní kí n lọ dárí ji ẹnikẹ́ni. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó ń ṣe Àbọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá

Nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń lọ nílé ìwòsàn ìjọba láti ẹnu ọ̀nà, torí ìdúró pípẹ́ lè mú kí èèyàn rò pé wọ́n ti gbàgbé òun.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe káàdì lẹ máa kọ́kọ́ dé. Ẹ mú ìwé tí dókítà kọ dání, ẹ mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yẹn náà, kí wọ́n má baà ní kí ẹ lọ tún un ṣe. Wọ́n á ya fáìlì fún yín, ẹ ó sanwó, ẹ ó jókòó. Nọ́ọ̀sì á wọn BP yín, á gbé yín sórí ìwọ̀n. Oríṣiríṣi èèyàn lẹ máa bá níbi ìjókòó: akẹ́kọ̀ọ́, ìyá ọlọ́jà, òṣìṣẹ́ báǹkì tó wọ táì. Ìjókòó yẹn lè pẹ́ ju ọ̀rọ̀ inú yàrá lọ, nítorí náà ẹ jẹun kí ẹ tó kúrò nílé.

Tẹ́ ẹ bá wọlé tán, nǹkan bíi ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan ni. Wọ́n á bi yín ní ohun tó gbé yín wá, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bí oorun ṣe rí, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé, iṣẹ́ yín, àìsàn tẹ́ ẹ ti ṣe rí, bóyá irú rẹ̀ ti ṣe ẹnì kan nínú ẹbí, ọtí, sìgá, oògùn. Ẹ ka gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò fún wọn, títí kan àgbo. Àwọn èèyàn wa kì í fẹ́ dárúkọ àgbo nílé ìwòsàn, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú àgbo tó lè bá oògùn dókítà jà nínú ara.

Wọ́n lè bi yín pé ọjọ́ wo la wà lónìí, tàbí kí wọ́n ní kí ẹ máa yọ 7 kúrò nínú 100 léraléra. Ẹ má bínú, wọn ò pè yín ní wèrè. Wọ́n ń wo bẹ́ ẹ ṣe lè pọkàn pọ̀ tó ni. Ó tún ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín ní ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án kan tí wọ́n ń pè ní PHQ-9. Bó ṣe ń ṣe yín láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló dá lé: ṣé nǹkan ṣì ń wù yín ṣe, ṣé ó ń rẹ̀ yín, báwo loorun. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba 0 sí 3, àròpọ̀ rẹ̀ kì í ju 27 lọ. Tó bá yá, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á sì fi wé ti ọjọ́ àkọ́kọ́ láti mọ̀ bóyá ara ń yá. Bí Òyìnbó inú rẹ̀ kò bá yé yín, ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá. Ìbàdàn lẹ wà, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ fi èdè ẹlòmíràn sunkún ìyá yín.

Ẹ sọ bó ṣe ń ṣe yín lára pẹ̀lú. Ẹni tí ooru ń jáde lórí rẹ̀, tó ń ṣe é bíi pé kòkòrò ń rìn nínú agbárí, kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ yìí nílẹ̀ wa mọ ọdẹ orí, wọ́n mọ̀ pé ìdààmú ọkàn máa ń gba ara jáde.

Ní ti pé kí wọ́n dá yín dúró, mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yẹn ti wá. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú ọpọlọ ti Yaba l'Ékòó ní 1907, ibi ìhámọ́ ló jẹ́, kì í ṣe ilé ìwòsàn bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ṣùgbọ́n ní 1954, nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aró, l'Abẹ́òkúta níbí, inú abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká ni wọ́n fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí. Ìbátan kan á bá aláìsàn gbé níbẹ̀, á máa se oúnjẹ fún un, aláìsàn á sì máa lọ gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Òkìkí iṣẹ́ yẹn kàn dé òkè òkun. Lónìí, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó ń wá sí kíníìkì wa ló ń padà sílé lọ́jọ́ náà gan-an. Òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 sì ti rọ́pò òfin wèrè táwọn amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916. Ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n ṣàlàyé ìtọ́jú fún yín, kí ẹ sì gbà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn wà nínú ewu ni wọ́n sábà máa ń dá dúró láìjẹ́ pé ó gbà, ìlànà sì wà fún un.

Èyí ló jẹ́ kí n sọ pé kí bùrọ̀dá bá yín lọ. Láti ìgbà Lámbò la ti mọ̀ pé ẹbí wúlò. Kí wọ́n bá yín tò sí ìlà, kí wọ́n bá yín gbọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa padà wá. Àmọ́ ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ wọlé. Mo ti rí ẹbí tó gba ọ̀rọ̀ sọ mọ́ aláìsàn lẹ́nu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí aláìsàn kàn ń wo ilẹ̀.

Ọmọ Bódìjà

Ẹ ṣeun gan-an. Nígbà tí mo ka ti Tísà, omi bọ́ lójú mi.

Ohun kan wà tí mi ò kọ lẹ́ẹ̀kan. Ó ti wá sí mi lọ́kàn lóru pé ó sàn kí n tẹ̀lé màmá mi. Mi ò ṣe nǹkan kan o. Tí wọ́n bá bi mí, ṣé kí n sọ ọ́? Ṣé wọn ò ní pe ọlọ́pàá? Ṣé wọn ò ní sọ fún bùrọ̀dá mi?

Onímọ̀ Ìrònú

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́. Iṣẹ́ saikọ́lọ́jísìtì ni mò ń ṣe. Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́ síbí gan-an. Gbogbo ẹni tó bá wọlé la ń bi. Òun ló kẹ́yìn nínú mẹ́sàn-án tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn. Kì í ṣe ìbéèrè wa ló ń gbé èrò náà wá síni lọ́kàn; ọ̀pọ̀ èèyàn ni ara tù nígbà tẹ́nì kan bi wọ́n. Kí èèyàn rò ó kì í ṣe ọ̀ràn, a kì í pe ọlọ́pàá síni nítorí rẹ̀. Ohun tá a máa bèèrè tẹ̀lé e ni pé, ṣé ẹ ti ronú kan ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà? Ṣé ohun náà wà nílé? Ta ló ń sùn nítòsí yín lóru? Láti ibẹ̀ la ó ti jọ kọ ètò kan sórí ìwé: bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pé òru ọjọ́ náà fẹ́ le, ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ pè, ẹni tẹ́ ẹ máa pè tí ti àkọ́kọ́ ò bá gbé fóònù, ibi tẹ́ ẹ máa lọ. A ó ní kí ẹnì kan kó oògùn apakòkòrò àti oògùn tó ṣẹ́kù kúrò nínú ilé.

Àṣírí yín wà láàárín yín àti àwọn tó ń tọ́jú yín. Bùrọ̀dá ò lè wá bi mí lẹ́yìn kí n sì sọ fún wọn. Ohun tó lè mú mi sọ̀rọ̀ síta ni kí ẹ̀mí yín wà nínú ewu lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fẹ́ ṣe ẹlòmíràn léṣe, kí wọ́n máa fìyà jẹ ọmọdé, tàbí kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ. Kódà nígbà yẹn, tí àyè bá wà, ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ sọ fún. Saikọ́lọ́jísìtì tó mọṣẹ́ máa ń ṣàlàyé èyí kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Tí kò bá ṣe é, ẹ bi í.

Bí èrò yẹn bá le ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ má dúró dè é. Ẹ jí bùrọ̀dá yín, bó tilẹ̀ jẹ́ aago mẹ́ta òru. Ẹ lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì tàbí kí ẹ pe 112. Ẹgbẹ́ Mentally Aware Nigeria Initiative náà máa ń dá èèyàn lóhùn, SURPIN, ètò ìdènà ìpara-ẹni tó wà ní LUTH, ilé ìwòsàn ńlá l'Ékòó, náà sì wà fún ọ̀rọ̀ bí èyí. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ilé lálẹ́ òní, kí ẹ má dá òru yìí jẹ.

Alájọ Ọjà Ọba

Ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí fún ẹni tó ń kó ọ̀rọ̀ ilé lọ bá àjèjì. Ìyá èèyàn kú, ó gbọ́dọ̀ dùn ún. Ẹ lọ bá wòlíì yín, ẹ gbàdúrà, á lọ.

Ìyá Ìkókó

Ẹ kú àníyàn, mà. Pásítọ̀ mi gan-an ló rán mi lọ. Mo bímọ, mi ò fẹ́ gbé ọmọ náà. Wọ́n ti gbàdúrà fún mi kí wọ́n tó sọ pé kí n lọ rí dókítà, wọ́n ṣì ń gbàdúrà lẹ́yìn ìyẹn. Níbẹ̀, wọ́n fún mi ní ìwé ìbéèrè mẹ́wàá tí wọ́n dìídì ṣe fún abiyamọ, tọjọ́ méje sẹ́yìn ló ń bèèrè. Ìkíní nínú rẹ̀ bèèrè bóyá mo ṣì lè rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe mú bírò báyìí, mi ò lè fà á, ẹkún dé. Nọ́ọ̀sì gba ọmọ lọ́wọ́ mi, ó fi í sí èjìká, ó ní kí n máa sunkún mi lọ. A ò parí ìwé náà lọ́jọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó bá mi wí. Ẹni tó bá lọ tó kàn sunkún, ó ti lọ nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó ní kí n má gbàdúrà. Wọ́n bi mí ní ìjọ tí mò ń lọ, wọ́n sì bi mí bóyá ààwẹ̀ wà tí mò ń gbà, torí oúnjẹ àti oògùn.

Ìyá Peckham

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìlú ọba kún un fún àwọn tó ń kà á láti ibí. Ní England, tẹ́ ẹ bá ti pé ọdún 18 tẹ́ ẹ sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò, ẹ lè fúnra yín kọ̀wé sí NHS Talking Therapies, ètò ìlera ìjọba tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú èèyàn, láìjẹ́ pé GP rán yín. Ọ̀fẹ́ ni. Lórí fóònù ni ti àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà lè máà jẹ́ ẹni tó máa tọ́jú yín; ó ń wádìí ibi tó yẹ kí wọ́n darí yín sí ni, lẹ́yìn náà lẹ ó wá dúró de tiyín. Wọ́n á máa fún yín ní PHQ-9 àti òmíràn tó ń jẹ́ GAD-7, ti àníyàn nìyẹn, ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ.

Ẹ lè bèèrè ògbufọ̀ Yorùbá, ẹ ò ní sanwó rẹ̀. Ẹ má lo ọmọ yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò lè sọ lójú ọmọ ló máa ń jẹ́ kókó. Bẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù pé ògbufọ̀ á jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ ní ti orí fóònù lẹ fẹ́, kó wà nílùú mìíràn. Orúkọ àbísọ yín ni wọ́n máa pè gán-ún láìfi nǹkan kan sí i. Àṣà wọn ni, àmọ́ tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ sọ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ kí wọ́n máa pè yín, wọ́n á gbà. Bí ọkàn bá le lóru, ẹ pe 111 kí ẹ tẹ 2, tàbí Samaritans, ẹgbẹ́ tó máa ń gbọ́ ẹdùn ọkàn èèyàn, lórí 116 123.

Onímọ̀ Ìrònú

Kí n fi díẹ̀ kún un. Saikọ́lọ́jísìtì kì í kọ oògùn, dókítà ọpọlọ ló ń kọ ọ́. Wọ́n lè ní kí ẹ rí àwọn méjèèjì. Bí wọ́n bá kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fún yín, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ẹ tó rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má torí pé ọjọ́ kẹta dé tí oorun ò tíì dé kí ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.

Ẹ̀yin náà ní ìbéèrè tẹ́ ẹ máa bi wọ́n. Ibo ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́? Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà tọ́jú irú nǹkan yìí? Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n rò pé a máa ríra, èló sì ni? Tí mo bá nílò yín láàárín ọ̀sẹ̀ ńkọ́? Bí ẹ bá fẹ́ obìnrin, ẹ sọ fún wọn. Bí ẹni náà ò bá bá yín lára mu lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti gbìyànjú, ẹ lè ní kí wọ́n gbé yín fún ẹlòmíràn. Inú wa kì í bí sí i.

Ọ̀fọ̀ kì í ṣe àìsàn, kò sì sẹ́ni tó máa ní kí ẹ gbàgbé ìyá yín. Wọ́n á bi yín léèrè nípa wọn: irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, bí wọ́n ṣe ń pè yín, ọjọ́ tí wọ́n kú. Ó lè jẹ́ pé látìgbà ìsìnkú, ẹnikẹ́ni ò tíì bi yín ní nǹkan wọ̀nyẹn. Fún ìdí èyí, ó lè rẹ̀ yín gan-an nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó tilẹ̀ lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ẹ má fi ìpàdé kankan sí ìrọ̀lẹ́ yẹn. Ẹ má sì retí pé ọjọ́ kan á tán gbogbo rẹ̀. Ìwádìí ni ọjọ́ àkọ́kọ́ wà fún.

Ọmọ Bódìjà

Mo ti sọ fún bùrọ̀dá mi. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá ní àwọn náà kì í sùn. Wọ́n ti gbé ẹní wá sí pálọ̀ mi lálẹ́ yìí. Wọ́n ní àwọn á dúró níta tí mo bá wọlé lọ́jọ́ náà.

Ìbéèrè tó kù: tí mo bá débẹ̀ tí ẹnu mi ò là ńkọ́?

Tísà Fẹ̀yìntì

Ẹ ṣeun ọmọ mi, ẹ sì bá mi kí bùrọ̀dá yín. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ kọ fún wa níbí sórí ìwé kan, títí kan ti òru yẹn. Tí ẹnu ò bá là, ẹ na ìwé náà sí wọn. Wọ́n á kà á, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ibẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ẹ̀gbá

Bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n sì lẹ ìwé náà mọ́ inú fáìlì, kó má di pé ẹ tún ń sọ ọ́ lákọ̀tun fún ẹni tó bá tún dé. Ẹ pe kíníìkì náà lọ́jọ́ tó ṣáájú láti mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́, torí ìyanṣẹ́lódì lè ṣẹlẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Tí wọn ò bá ṣiṣẹ́, ẹ gba ọjọ́ mìíràn lórí fóònù náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ síbí kí a mọ̀.